Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Òṣìṣẹ́ Ìlera Láti Fi Abẹ́rẹ́ Wá Ohun Tí Ó Pa Ọmọdé

Bí ọmọ kékeré bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Níwọ̀n ìgbà tí ìyá bá wà láàyè, ìrètí ọmọ mìíràn wà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìtùnú náà kì í dáhùn, tí ọ̀pọ̀ ìyá sì máa ń gbé sínú fún ọdún pípẹ́: kí ni ó da omi náà nù? Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan náà kò ní da ti ẹ̀ẹ̀kejì nù?

Ìwádìí ìlera àti ìkànìyàn tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 110 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ní ọdún 2018, irú ìwádìí kan náà ka 132. Ìdínkù yìí kì í ṣe kékeré. Àmọ́ bí a bá wo àwọn tí ó ń kú láàrin oṣù kìíní tí wọ́n dé ilé ayé, ọ̀rọ̀ yí padà: 39 ni wọ́n nínú 1,000 ní ọdún 2018, 41 ni wọ́n nínú ìwádìí tuntun. Àwọn ọmọ tuntun wọ̀nyí gan-an ni ó ṣòro jù láti mọ ohun tí ó pa wọ́n, nítorí pé ìkókó kì í sọ ibi tí ó ń dùn ún, àmì àìsàn wọn sì máa ń jọra.

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń sin láìsí ìwé kankan tí ó sọ ohun tí ó pa wọ́n. Èyí tí ó bá sì ní ìwé, ó lè jẹ́ “ibà” nìkan ni wọn yóò kọ sí i.

Ẹnu ìdílé ni wọ́n ń gbọ́ ọ

Títí di ìsinsìnyí, ọ̀nà tí wọ́n ń lò jù lọ láti mọ ohun tí ó ń pa àwọn ọmọdé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ ni pé kí òṣìṣẹ́ kan lọ bá ìdílé nílé, kí ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Ṣé ara ọmọ náà gbóná? Ọjọ́ mélòó ni? Ṣé ó ń mí gúlegúle? Ṣé gìrì mú un? Ṣé ó ń yàgbẹ́ gbuuru? Lẹ́yìn èyí ni dókítà tàbí kọ̀ǹpútà yóò wo ìdáhùn wọ̀nyí, tí yóò sì sọ èyí tí ó ṣeé ṣe jù nínú àwọn àrùn. Nàìjíríà ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2014, ó sì tún ṣe é ní ọdún 2019.

Iṣẹ́ náà wúlò, kò sì náni lówó púpọ̀. Ibi tí ó kù sí ni pé ara gbígbóná àti èémí líle lè jẹ́ ti ibà ẹ̀fọn, ó lè jẹ́ ti òtútù àyà, ó sì lè jẹ́ ti kòkòrò àrùn tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìyá tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní gbogbo òru kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Kódà dókítà tí ó tọ́jú ọmọ náà lè má mọ̀ ọ́n bí kò bá sí yàrá àyẹ̀wò nítòsí.

Ohun tí ó dájú jù ni àyẹ̀wò òkú ní kíkún, níbi tí dókítà onímọ̀ àrùn inú ẹ̀yà ara yóò ti la òkú láti àyà dé ikùn, tí yóò yọ àwọn ẹ̀yà ara wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n irú dókítà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ńláńlá ni a ti ń rí wọn, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò sì ní ẹyọ kan. Bí ó bá tilẹ̀ wà, ìdílé mélòó ni yóò gbà kí wọ́n la ọmọ ọjọ́ mẹ́ta?

Abẹ́rẹ́ dípò ọ̀bẹ

Àlàfo tí ó wà láàrin ìbéèrè ẹnu àti lílà òkú yìí ni àwọn onímọ̀ kan láti ìlú Barcelona ní ilẹ̀ Spain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè Mozambique bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Jaume Ordi, onímọ̀ àrùn inú ẹ̀yà ara, Clara Menéndez àti Quique Bassat wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Carla Carrilho ti ilé ìwòsàn àpapọ̀ ìlú Maputo. Èrò wọn kò lọ́jú pọ̀. Abẹ́rẹ́ tí àwọn dókítà fi ń gba ẹran bíńtín lára ẹ̀dọ̀ alààyè láti yẹ̀ ẹ́ wò ti wà tipẹ́. Bí ó bá ṣeé lò fún alààyè, kí ni ó dé tí kò fi ní ṣeé lò fún òkú?

Ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń gbà jáde rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú ìránṣọ, kì í sì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Wọ́n ń gbà á lára ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti ọpọlọ, àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n bá lè dé. Ti ọpọlọ ni wọ́n ń gba ihò imú tàbí ẹ̀yìn ọrùn wọ̀, kí àpá má baà hàn lójú. Wọ́n tún ń gba ẹ̀jẹ̀, omi tí ó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, àti ohun tí òwú bá nù ní imú àti ní ihò ìdí. Fún ọmọ tí wọ́n bí ní òkú, wọ́n máa ń yẹ ibi ọmọ wò pẹ̀lú, nítorí pé inú ibi ni ẹ̀rí sábà máa ń wà.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé abẹ́rẹ́ tó, ó di dandan kí wọ́n dán an wò. Ní Maputo, wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gba ohun tí wọ́n fẹ́ lára òkú, lẹ́yìn náà ni wọ́n la òkú kan náà ní kíkún, wọ́n sì fi àbájáde méjèèjì wéra. Nínú 112 àgbàlagbà, 85 ni abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ ti fẹnu kò lórí irú àrùn tí ó pa ẹni náà. Nínú 54 ọmọdé, 48 ni. Àbájáde wọ̀nyí jáde ní ọdún 2016 àti 2017.

Kò yẹ kí a gbójú fo ibi tí abẹ́rẹ́ kù sí. Ó dára gan-an fún àrùn tí kòkòrò ń fà, nítorí pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ máa ń tàn ká inú ẹ̀yà ara. Ṣùgbọ́n bí ilé ọmọ obìnrin bá ya nígbà ìrọbí, tàbí tí ihò kan bá wà nínú ọkàn ọmọ láti inú oyún, abẹ́rẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìrí i. Nítorí náà ni wọn kì í fi dá dúró. Wọ́n máa ń fi àbájáde rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ilé ìwòsàn àti ohun tí ìdílé sọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bràsíìlì

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń kọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà láti gba ẹ̀yà ara òkú. Ní nǹkan bí ọdún 1930, nígbà tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń pa ènìyàn ní Bràsíìlì, àjọ Rockefeller àti ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo irinṣẹ́ kan tí ó ń gé ẹ̀dọ̀ bíńtín lára òkú láìla ikùn. Àwọn ará ìlú lásán ni wọ́n kọ́ láti lò ó, wọ́n sì ń sanwó fún wọn lórí ẹ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá. Iṣẹ́ náà so èso: ipasẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ibà náà wà ní àwọn abúlé inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí.

Ṣùgbọ́n wọn kì í tọrọ àyè. Òfin ni wọ́n fi ń gbà á. Ìdílé tí kò bá gbà lè má rí ìwé àṣẹ láti sin òkú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n sì pa nínú àwọn tí ó ń gba ẹ̀dọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera lónìí tí kò sọ ìtàn yìí fún wọn ti fi ìdajì ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ọwọ́ ni ó rọrùn láti kọ́

Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ yìí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibì kan. Àwọn kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, àwọn mìíràn sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbókùú-sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ní bí ẹ̀yà ara ṣe tò: egungun ìhà wo ni wọn yóò kà kí wọ́n tó kan ẹ̀dọ̀fóró, ibo ni ẹ̀dọ̀ pin sí lára ìkókó, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ìkókó tóbi ju bí ẹni tí ó mọ ara àgbàlagbà ti lè rò lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi abẹ́rẹ́ dánra wò kí wọ́n tó dé ara òkú gan-an, níbi tí olùkọ́ yóò ti dúró tì wọ́n títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tí kò gba ìdánwò orí ìwé. Ohun tí ó bá gbà ni yóò jẹ́rìí rẹ̀. Bí onímọ̀ bá fi awò amúǹkantóbi wo ohun tí ó wà nínú ìgò “ẹ̀dọ̀fóró” tí ó sì rí ẹ̀dọ̀ níbẹ̀, ó ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wọlé nísàlẹ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kíndìnrín ni ó máa ń sá fún abẹ́rẹ́.

Ètò iṣẹ́ náà ní ìdí tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ ìdí náà kí ó má baà rékọjá rẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn ìwúwo àti gígùn ara, tí wọ́n sì ti yẹ ìta ara wò, wọn yóò fi oògùn apakòkòrò nu ojú ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà wọlé. Àwọn ohun tí wọn yóò fi wá kòkòrò àrùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà, kí ọwọ́ àti irinṣẹ́ má tíì dọ̀tí. Bí kòkòrò láti ojú awọ bá bá abẹ́rẹ́ wọlé, yàrá àyẹ̀wò yóò rí i, yóò sì ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn fún ikú tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Bí ènìyàn bá ti kú, àwọn kòkòrò tí ó ń gbé inú ìfun rẹ̀ láìṣe é níbi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká ara. Nítorí náà, àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti fi ààlà sí i: láàrin wákàtí 24 lẹ́yìn ikú, tàbí wákàtí 72 bí òkú bá ti wà nínú ẹ̀rọ amúǹkantutù. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró, wákàtí 24 nìkan ni kí òṣìṣẹ́ fi ọkàn sí.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọn yóò nu ara ọmọ, wọn yóò lẹ pílásítà mọ́ ojú ihò abẹ́rẹ́, wọn yóò sì wọ aṣọ rẹ̀ padà fún un. Apá ibi yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń fi ìkánjú ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan ni ìdílé yóò rí nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ láti Jos

Òkú lè pa alààyè, Nàìjíríà sì ní ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọdún 1969, àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mú nọ́ọ̀sì kan ní Lassa, ní agbègbè tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Nọ́ọ̀sì mìíràn tí ó tọ́jú rẹ̀ kú pẹ̀lú. Dókítà Jeanette Troup, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Jos, wà lára àwọn tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àrùn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1970, ó gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó ń la òkú aláìsàn kan láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù Kejì ọdún náà, òun náà kú. Ibà Lassa ni. Títí di òní, kò sí ọdún kan tí ibà náà kì í pa ènìyàn ní Nàìjíríà.

Abẹ́rẹ́ dín ewu yìí kù, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í tú jáde bí ìgbà tí wọ́n bá la òkú. Kò mú un kúrò. Abẹ́rẹ́ tí ó ti kan ẹ̀dọ̀ òkú lè gún ọwọ́ ẹni tí ó mú un dání. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti wọ ìbọ̀wọ́ méjì, ìbomú, awò tí ó bo ojú àti aṣọ tí omi kò lè gbà kọjá. Láti má ṣe dé abẹ́rẹ́ padà pẹ̀lú ọwọ́. Láti gbé àpótí ìkó-abẹ́rẹ́-sí sí ibi tí ọwọ́ yóò tó o láìrìn. Bí àmì bá wà pé ó lè jẹ́ ibà Lassa tàbí Ebola ni ó pa ẹni náà, kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ní aṣọ àti ìmọ̀ irú òkú bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n pè. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ ti mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá lọ.

Ẹnu ni ó ṣòro

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí ó ń gba àkókò ni bí wọn yóò ṣe wọlé tọ àwọn òbí tí ọmọ wọn kú ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn, kí wọ́n sì tọrọ irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2016, tí wọ́n ṣe ní Gabon, Kẹ́ńyà, Màlì, Mozambique àti Pakistan, béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú bóyá wọ́n lè gbà kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yẹ òkú ẹbí wọn wò. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó sọ pé àwọn lè gbà. Ìdí tí wọ́n sọ jù lọ ni pé àwọn fẹ́ mọ ohun tí ó pa ènìyàn àwọn. Ohun tí ó ń kọ wọ́n lóminú kì í ṣe abẹ́rẹ́ gan-an, bí kò ṣe kí ìsìnkú má pẹ́, kí àṣírí má sì tú. Àbájáde yìí yẹ kí ó ya àwọn dókítà tí ó ti máa ń sọ pé “àwọn ènìyàn wa kò lè gbà” lẹ́nu. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí òkú ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ bá lò ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ó máa ń pinnu èsì. Ní èdè Yorùbá, “lílà òkú” àti “yíyẹ òkú wò” kì í ṣe ohun kan náà létí ẹni tí ń gbọ́. Èkínní gbé ọ̀bẹ wá síwájú. Èkejì kò gbé e wá. Ọ̀rọ̀ náà “òkú” pàápàá le létí òbí. “Ara ọmọ” tún sàn jù. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn, níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá sọ gbogbo ohun tí wọn yóò ṣe láìfi ọ̀kan pamọ́: abẹ́rẹ́ yóò wọlé, ẹran bíńtín yóò jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò rìn jìnnà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kò sì ní padà wá. Ìdílé tí ó bá wá gbọ́ èyí lẹ́yìn ìsìnkú kò ní gba òṣìṣẹ́ náà gbọ́ mọ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà kò sì ní gbà á gbọ́.

Bí òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa yóò ṣe sọ ọ́ ní ilé Yorùbá lè rí báyìí: “Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Bàbá. Ọlọ́run yóò dáwọ́ ibi dúró. A kò wá láti fi kún ẹ̀dùn ọkàn yín. A fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín ni, bí ẹ kò bá sì fún wa, kò sí ohun tí ó bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí yín.” Lẹ́yìn èyí, kí ó dákẹ́ díẹ̀. Kí ó tún fi etí sílẹ̀ láti mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá náà. Níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá, ó lè jẹ́ orúkọ ọmọ tí ó kú yìí gan-an ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é, kí àlejò sì pè é bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà lè dà bí iyọ̀ lójú egbò.

Ohun méjì mìíràn wà tí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní ibòmíràn kò lè sọ fún òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Òkú ọmọdé jẹ́ òkú ọ̀fọ̀: wọn kì í pẹ́ sin ín, ní ọ̀pọ̀ ìdílé àwọn òbí kì í sí níbẹ̀, àgbà ilé ni ó ń ṣètò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ bàbá ọmọ nìkan lè bá òkú tí wọ́n ti gbé lọ. Èkejì ni ọ̀rọ̀ àbíkú. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi àpá sí ara òkú ọmọ tí wọ́n bá pè ní àbíkú kí ó má baà padà wá, ìrántí rẹ̀ kò sì tíì parẹ́. Nítorí náà, ihò abẹ́rẹ́ kékeré lára ọmọ lè gba ìtumọ̀ tí òṣìṣẹ́ kò rò. Kí ó fi ibi tí àwọn ihò náà yóò wà han ẹni tí ìdílé bá yàn ṣáájú, kí ó sì tún fi hàn án lẹ́yìn iṣẹ́.

Bákan náà, Mùsùlùmí tí ó fẹ́ sin òkú rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ní Bamako ní orílẹ̀-èdè Màlì, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, nítorí pé kò gba àkókò púpọ̀ bí òṣìṣẹ́ bá ti wà ní sẹpẹ́. Ní Makeni ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, ìṣòro mìíràn ni ó wà. Nígbà àjàkálẹ̀ Ebola ọdún 2014 sí 2015, wọ́n ń fi òwú nu ẹnu òkú láti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tí ó wọ aṣọ funfun sì ń gbé òkú lọ sin. Ẹni tí ó bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ agbo ilé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun kì í ṣe.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá padà

Makeni àti Bamako wà lára àwọn ibi tí ètò kan tí wọ́n ń pè ní CHAMPS ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Owó àjọ Gates ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní ọdún 2015, yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ni ó sì ń darí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yà ara ní òpin ọdún 2016. Àwọn ibòmíràn ni Manhiça ní Mozambique, Soweto ní Gúúsù Áfíríkà, ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, ìlà oòrùn Ethiópíà, àti Bangladesh. Nàìjíríà àti Pakistan darapọ̀ lẹ́yìn náà.

Àwọn onímọ̀ kì í sọ ohun tí ó pa ọmọ ní kíá. Wọ́n máa ń fi awò amúǹkantóbi wo ẹran náà, wọ́n máa ń wá ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò àrùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ àwọn dókítà yóò jókòó láti tò ó bí ẹ̀wọ̀n: ohun tí ó pa ọmọ ní ìkẹyìn, ohun tí ó ṣílẹ̀kùn fún un, àti ohun tí ó wà lára ìyá. Nínú àbájáde kan tí ó jáde ní ọdún 2023 lórí 632 ọmọ tí ó ti lé ní oṣù kan ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìgbìmọ̀ náà rí i pé ikú tí ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún nínú wọn ni wọ́n lè dènà. Lára ohun tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Klebsiella pneumoniae, tí ó ń hàn léraléra nínú ẹ̀wọ̀n náà, tí àwọn oògùn tí ó wọ́pọ̀ kò sì í sábà ràn. Inú ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó o. Ìbéèrè ẹnu kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé. Kò sí ìyá tí yóò sọ pé ibi tí òun gbé ọmọ lọ fún ìtọ́jú ni ó ti kó ohun tí ó pa á.

Fún Nàìjíríà, kíkọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì kọ́ ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Nọ́ọ̀sì lè gba ẹran lára ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò kà á. Bí àwọn onímọ̀ àrùn inú ẹ̀yà ara bá ń fi orílẹ̀-èdè sílẹ̀ lọ sí òkè òkun, tí fọ́málììnì tí wọ́n fi ń pa ẹran mọ́ sì tán ní ilé ìwòsàn, ìgò tí ó kún fún ẹ̀yà ara ọmọ ọlọ́mọ yóò kàn wà lórí pẹpẹ ni. Kí ìjọba tó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ fún irú ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ yàrá àyẹ̀wò tí yóò gba ohun tí wọ́n bá mú wá, àti iye ọjọ́ tí èsì yóò fi jáde.

Nítorí pé wọ́n ti ṣèlérí èsì. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń tọrọ àyè ni ó ti sọ fún àwọn òbí pé òun yóò padà wá sọ ohun tí wọ́n bá rí, ìpadàbọ̀ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ó lè tó oṣù mélòó kan. Nígbà náà, ìyá náà lè ti lóyún mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé àrùn syphilis ni wọ́n rí nínú ibi ọmọ tí ó bí ní òkú, abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì wà tí ó lè wo ìyá sàn kí ó tó ran ọmọ inú. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò HIV ni, oògùn wà tí kò ní jẹ́ kí ó ran ọmọ, ọkọ rẹ̀ náà sì lè lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọn kò rí nǹkan kan, kí òṣìṣẹ́ jókòó, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.